Ilé abà bàbá wa àgbà ń bàjẹ́: ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀?

Ọmọ-Abà (Èkó)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ilé kan ni mo gbé wá, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ bá mi dá sí i, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ń gba oorun lójú mi.

Bàbá tó bí bàbá mi dá oko kòkó sí ìgbèríko Ifẹ̀tẹ̀dó, ní apá ibi tí ènìyàn máa ń gbà lọ sí Òkè-Ìgbò, wọ́n sì kọ́ ilé sí abà ibẹ̀. Ilé náà kò tóbi. Yàrá mẹ́rin ni, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan níwájú, ògiri alámọ̀, òrùlé páànù, àti yàrá onípákó kan tí bàbá mi fi kún un lẹ́yìn nígbà tí àwa ọmọ ń pọ̀ sí i. Iwájú rẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń sá kòkó wà, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tẹ́, níbi tí a máa ń tẹ́ ẹní sí ní alẹ́ òṣùpá nígbà tí a bá lọ lo ọlidé. Bàbá wa àgbà ti lọ, bàbá mi náà ti dàgbà, ẹsẹ̀ wọn kò sì gbé wọn dé oko mọ́. Àwa ọmọ tí a wà ní Èkó ni a wá pinnu pé ilé náà kò ní parẹ́ lójú wa. A kò fẹ́ sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì, a kò sì fẹ́ wó o kí a kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dípò rẹ̀. Ibi tí a ti lè sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni a ń wá, níbi tí àwọn ọmọ wa yóò ti mọ òórùn igbó lẹ́yìn òjò, tí a óò máa fi igi dáná, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò sì ní máa dún sí wa létí.

Ó di ọdún méjì báyìí tí mo ti ń náwó sí i, ṣùgbọ́n ó ń jọ pé bí mo ṣe ń tún un ṣe ni ó túbọ̀ ń bàjẹ́. Lọ́dún tó kọjá, bíríkìlà tí mo gbé iṣẹ́ fún ní kí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ògiri ìta láti òkè délẹ̀, kí òjò má baà máa jẹ amọ̀ rẹ̀. Ó dán, ó wuyì, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò ọdún yìí rọ̀ tán, mo débẹ̀, mo fi ìka kan ògiri náà, ó ń dún bí igbá òfìfo. Kí n tó padà sí Èkó ní ọjọ́ kẹta, abala kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn ti ya lulẹ̀, amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì tutù bí ẹni pé àná ni wọ́n mọ ọ́n.

Òpó ilẹ̀kùn yàrá onípákó ni ó tún já mi láyà jù. Ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ ṣì ń dán. Mo kàn fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ni, àtàǹpàkò mi sì wọlé dé oríkèé: iyẹ̀pẹ̀ ni ikán ti kó sínú rẹ̀ dípò igi, ọ̀dà nìkan ni ó ṣẹ́ kù tí ó dúró.

Oṣù méjì-méjì ni àyè máa ń gbà mí láti lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n wó àwọn ògiri náà kí n fi búlọ́ọ̀kù mọ wọ́n ni? Irú igi wo ni kí n fi rọ́pò èyí tí ikán jẹ? Ta ni ó sì yẹ kí ó máa bá wa gbé ibẹ̀ nígbà tí a kò bá sí níbẹ̀?

Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà (Ìbàdàn)

Ọmọ mi, o kú ìrìn, o sì kú ìnáwó. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ ilé jẹun, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ní agbègbè wa níbí, láti Ọmí-Adió títí dé apá Ìjàyè. Má wó ògiri náà. Amọ̀ kọ́ ni ó ṣẹ̀ ọ́, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi bò ó ni.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí àṣìṣe yìí ni mo ń rí káàkiri, ó sì máa ń dùn mí. Amọ̀ a máa mu omi, a sì máa tú u sílẹ̀. Bí òjò bá kàn án, yóò tutù díẹ̀. Bí oòrùn bá ràn, yóò gbẹ padà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe lè dúró fún ọgọ́rin ọdún. Sìmẹ́ǹtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó le, ó sì dí. Omi ń gba inú ilẹ̀ gòkè wá sínú ògiri, òmíràn ń gba ojú ibi tí sìmẹ́ǹtì ti sán wọlé, kò sì rí ọ̀nà jáde mọ́. Amọ̀ tó wà nínú yóò wú, yóò tún sún kì, sìmẹ́ǹtì tó wà lóde kò sì lè bá a wú tàbí kí ó bá a sún kì bákan náà, títí àwọn méjèèjì yóò fi kọ ara wọn sílẹ̀. Ohùn igbá òfìfo tí o gbọ́ yẹn, àlàfo tó wà láàárín wọn ni.

Ní báyìí tí òjò ṣì ń rọ̀, má ṣí gbogbo sìmẹ́ǹtì náà kúrò lẹ́ẹ̀kan, kí òjò má baà bá ògiri ní ìhòòhò. Èyí tó ti ń já bọ́ nìkan ni kí o bọ́ dànù, kí o sì fi tapólì bo ojú ibẹ̀, ṣùgbọ́n kí atẹ́gùn máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Tí oṣù Kejìlá bá dé, tí ọyẹ́ ti mú, nígbà náà ni kí o fi ẹ̀yìn òòlù kékeré kan ògiri náà láti igun dé igun, kí o bọ́ ibikíbi tó bá dún, kí o sì jẹ́ kí ó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí o wá lọ bu iyẹ̀pẹ̀ ọ̀gán, kí o pò ó mọ́ iyanrìn àti koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́, kí o da omi sí i, kí wọ́n sì máa tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó di ohun tí a fi ń rẹ́ ògiri. Wọ́n omi sára ògiri kí o tó rẹ́ ẹ. Ìrẹ́ àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ nípọn ju ìka kan lọ, kí o sì fi àfọ́kù igbá ha á kí ìrẹ́ kejì lè rí ibi dì mú. Ẹlẹ́bọ́tọ ni àwọn ìyá wa fi máa ń pa ojú rẹ̀ kẹ́yìn. Tí ìyá àgbà kan bá ṣì wà ní abà yín tó mọ iṣẹ́ yìí, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fún un lówó gidi, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìrẹ́ yìí kò ní pẹ́ tí o kò bá kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ omi. Ẹsẹ̀ ògiri ni ilé alámọ̀ ti ń kú. Lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ nígbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀, kí o wo ibi tí ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ ń já sí. Tí ó bá ń já sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri, tí ẹrẹ̀ sì ń ta sára rẹ̀, o ti rí olè tó ń jà ọ́. Etí páànù gbọ́dọ̀ yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ ó kéré tán. Tí tìrẹ bá kúrú, kí o fi igi àti páànù tuntun gùn ún. Lẹ́yìn náà, gbẹ́ ojú àgbàrá sí ibi tí ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ ń já sí, kí o da òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, kí ó sì dà gẹ̀ẹ́rẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ilé. Òdòdó tí àwọn ìyàwó ilé fẹ́ràn láti gbìn mọ́ ẹsẹ̀ ògiri, ẹ wú u kúrò níbẹ̀.

Ó wá ku igi. Òpó kankan kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Orí òkúta tàbí kọ́ńkéré tó ga tó gìgísẹ̀ sí orúnkún ni kí o gbé e lé, kí o fi irin dè é mọ́lẹ̀. Ìrókò, apá àti tíìkì ni ikán kì í sábà fẹ́ fẹnu kàn. Arère rọrùn láti là, owó rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n àjà nìkan ni kí o fi ṣe, kì í ṣe òpó. Ohun kan wà tí àwọn ọlọ́jà pákó kì í sọ fún ènìyàn: ìrókò pàápàá, apá funfun tó wà nítòsí èèpo rẹ̀, ikán yóò jẹ ẹ́ bí iṣu. Àárín igi, èyí tó pọ́n tó sì wúwo, ni kí o sanwó lé. Béèrè ibi tí wọ́n ti gé igi náà pẹ̀lú, nítorí igi tí a bá jí gé nínú ìgbó ọba láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba lè dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹni tó rà á.

Ní ti ikán fúnra rẹ̀, kí o má ṣe kàn máa fi ọwọ́ gbá ilé wọn kúrò lára ògiri. Tọ ọ̀nà wọn títí dé ibi tí wọ́n ti ń jáde. Tí èsunsun bá ń tú jáde láti inú ilẹ̀ yàrá rẹ lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, ìyá ikán wà nítòsí nìyẹn, ó sì di dandan kí a gbẹ́ ẹ jáde. Ẹsẹ̀ àwọn òpó, ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì rọ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ni kí o fi kùn ún.

Ìyá Ìbejì (Atlanta)

Bàbá, ẹ kú ìmọ̀ràn o. Ẹ̀yin Ọmọ-Abà, ẹ kú ìfaradà. Nígbà tí mo ka ohun tí Bàbá kọ nípa ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀, mo pe ọkọ mi kí òun náà wá kà á, nítorí ohun kan náà ni ó ba ilé tiwa jẹ́ ní ìlú òyìnbó níbí.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí a ti ra ilé onígi kan ní apá àríwá ìpínlẹ̀ Georgia, láàárín àwọn òkè Blue Ridge. Ìtì igi ni wọ́n tò lé ara wọn dípò ògiri, wọ́n sì fi nǹkan dí àlàfo àárín wọn. Omi òrùlé ń ta láti orí pèpéle onípákó sára àwọn ìtì ìsàlẹ̀, a kò sì fura títí a fi rí i pé méjì nínú wọn ti rà tó bẹ́ẹ̀ tí ṣíbí lè wà á jáde bí ẹ̀kọ. Owó tí a fi pààrọ̀ wọn ju owó tí à bá fi gbé ọ̀pá ìgbomi sí etí òrùlé lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Láti ìgbà náà, a máa ń kun gbogbo ara ilé náà ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, apá ibi tí oòrùn ọ̀sán ń kàn sì máa ń tètè ṣí ju àwọn apá yòókù lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbógun ti ikán ń wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, nítorí ikán pọ̀ ní Georgia bó ṣe pọ̀ ní ilé wa. Nígbà tí òtútù bá sì ń lọ, irú oyin ńlá kan wà tó máa ń dá igi lu. Ihò rẹ̀ rí roboto bí ẹni pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi lu ú, ìyẹ̀fun igi yóò sì máa dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó dùn mí jù ni ti páìpù. Ní ọdún kejì tí a ra ilé náà, a ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn Kérésìmesì, a sì padà sí Atlanta láìti omi pa. Òtútù mú gan-an nínú oṣù Kìíní. Omi inú páìpù dì, ó fẹ̀, ó sì bẹ páìpù náà. Nígbà tí yìnyín yọ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà, kò sì sí ẹnikẹ́ni nílé. Nígbà tí a débẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pákó ilẹ̀ ti wú sókè bí àkàrà, èbu sì ti bo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sì sunkún.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ní ìwé kan tí a so kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé yóò kọ ọjọ́ tó dé àti ohun tó rí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ yóò kọ ohun tó ṣe kó tó jáde: pé ó ti ti omi pa láti orísun, pé ó ti ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi kí èyí tó kù lè dà tán, pé kò sí oúnjẹ kankan tó ṣẹ́ kù fún eku. Nínú rẹ̀ náà ni a ti mọ ọdún tí a gbọ́n ihò ìgbẹ̀ẹ́ kẹ́yìn, èyí tí a ń ṣe ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, àti ọjọ́ tí ẹni tó ń ro ojú èéfín wá, èyí tí a ń ṣe lọ́dọọdún, nítorí èéfín igi máa ń di nǹkan dúdú mọ́ inú ihò náà tó lè gbiná lójijì. Ẹ ra irú ìwé bẹ́ẹ̀, kódà kí ó jẹ́ ìwé kíkọ ọmọ iléèwé. Ọmọ yín tó bá jogún ilé náà yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Mo ní ìdí mìíràn tí mo fi kọ̀wé yìí. Bàbá tèmi ní abà ní ẹ̀bá Ìkàrẹ́. Nígbà tí wọ́n kú, a ti ilẹ̀kùn, a ní a ó padà wá, ọdún mẹ́sàn-án sì kọjá. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, òkìtì amọ̀ kan ni mo bá, igi ìbẹ́pẹ sì ti hù ní ibi tí ibùsùn bàbá mi wà, ó tilẹ̀ ti so. Bí ẹ bá lè máa lọ ní oṣù méjì-méjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó di mẹ́ta.

Àgbẹ̀ Òkè-Ìgbò

Mo kí gbogbo yín. Òkè-Ìgbò ni mo wà, kòkó ni mo ń gbìn, ọ̀nà oko tí Ọmọ-Abà ń sọ kò sì jìn sí tèmi rárá. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa gbé ibẹ̀ ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí òun ni mo kà sí gbòǹgbò gbogbo rẹ̀.

Ẹ má gba ẹ̀ṣọ́ tí ẹ óò máa sanwó oṣù fún láti Èkó, tí kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ náà. Yóò gba owó náà, yóò sì máa gbé ní ìlú. Ẹ wá tọkọtaya kan tó ti ń ṣe iṣẹ́ alágbàṣe ní àyíká ibẹ̀, tí àwọn aládùúgbò jẹ́rìí sí, kí ẹ fún wọn ní yàrá méjì láìgba owó, kí ẹ fún wọn ní ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti ti ẹ̀fọ́, kí ẹ sì jọ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú baálẹ̀ pé kì í ṣe ilẹ̀ títà, pé ìlò ni, kí wọ́n sì máa fi nǹkan díẹ̀ nínú irè oko ṣe ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún kí ọ̀rọ̀ náà má baà dàrú lẹ́yìn ọ̀la. Ẹni tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé kò ní jẹ́ kí igbó bo ibẹ̀.

Ó tún ní èrè kan tí àwọn ará ìlú kì í rò. Ilé tí wọ́n bá ń dáná nínú rẹ̀ kì í tètè bàjẹ́. Ẹ wá wo òrùlé ilé ìdáná ìyá mi: àwọn igi rẹ̀ dúdú, wọ́n ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á, kòkòrò kankan kò sì tíì fọwọ́ kàn wọ́n láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, nígbà tí a ti pààrọ̀ igi òrùlé yàrá tó kọjú sí i lẹ́ẹ̀mejì. Èéfín ni. Ilé tí a bá tì pa, àdán ni yóò kọ́kọ́ wọ àjà rẹ̀, eku yóò tẹ̀ lé e, ejò yóò sì tọ eku wá. Oká àti paramọ́lẹ̀ kì í wá ènìyàn kiri. Eku àti ibi tó ṣókùnkùn ni wọ́n ń wá. Ẹ má to igi ìdáná mọ́ ògiri, ẹ máa ṣán koríko yí ilé ká títí dé ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀ ènìyàn, ẹ máa gbọn bàtà kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹ sì ní tọ́ọ̀ṣì fún olúkúlùkù. Bí ejò bá bu ènìyàn ṣán, ẹ má gé ojú rẹ̀, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ má jẹ́ kí ó rìn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ilé-Ifẹ̀ kíákíá. Ẹ ti mọ ọkọ̀ ẹni tí ẹ óò pè ṣáájú kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá, kí ọyẹ́ tó dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣán igbó yí gbogbo ilé náà ká, kí wọ́n gbá ewé gbígbẹ kúrò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Iná tí ọdẹ tàbí àgbẹ̀ kan dá ní ibi tó jìn lè dé ọ̀dọ̀ yín kí ilẹ̀ tó ṣú, kòkó kò sì lè fara da iná rárá.

Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ èyí. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì dúdú yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lò ó ní abà tó ní kànga. Òjò máa ń fọ̀ ọ́ wọ inú ilẹ̀, a sì ti ní kànga kan ní ọ̀dọ̀ wa tí omi rẹ̀ ń rùn bí gáréèjì títí di òní nítorí rẹ̀. Tí kànga yín bá ti gbẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i ní oṣù Kejì tàbí Ìkẹta tí omi wà nísàlẹ̀ pátápátá, nítorí kànga tí a bá gbẹ́ nígbà òjò yóò tan ènìyàn jẹ. Ṣalángá gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó ọgbọ̀n mítà, kí ó sì wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, kì í ṣe ní òkè rẹ̀.

Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà (Ìbàdàn)

Àgbẹ̀, o ṣeun, Ọlọ́run yóò bù kún oko rẹ. Òótọ́ ni o sọ, mo sì gba ọ̀rọ̀ mi padà. Níbi tí kànga bá wà, oògùn igi tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, bíi Solignum, ni kí ó rà, kí wọ́n kùn ún sára igi náà ní ibòmíràn tó jìnnà sí kànga, kí ó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó gbé e wá. Òkúta tí a gbé òpó lé ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí ikán tó bá fẹ́ gùn ún yóò ní láti mọ ọ̀nà amọ̀ sára òkúta náà, ojú yóò sì tètè rí i.

Agbẹjọ́rò (Òṣogbo)

Ẹ kú ìjókòó. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ilé tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ láìkọ ìwé ìhágún jẹ́ ti ẹbí, kì í ṣe ti ẹni tó ń náwó sí i. Lábẹ́ àṣà àti òfin wa, ọmọ ẹbí tó bá tún ilé ẹbí ṣe, kódà kí ó pààrọ̀ gbogbo òrùlé rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ di onílé. Ẹ má wá dúró títí ọ̀rọ̀ yóò fi di ìjà. Ẹ pe olórí ẹbí àti àwọn aṣojú ìdí kọ̀ọ̀kan jọ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí owó àtúnṣe yóò ṣe máa wá, ta ni ó lè lo ilé náà nígbà wo, àti pé kò sí ẹni tó lè dá tà á. Tí olórí ẹbí kò bá lọ́wọ́ sí títa ilẹ̀ ẹbí, asán ni títà náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán ìwọnlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti wà, ìjọba ìbílẹ̀ lè fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí kò sí nínú ìgboro; ẹ lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì wọn kí àwọn ọmọ onílẹ̀ tó máa bi yín.

Ọmọ-Abà (Èkó)

N kò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka gbogbo èsì yìí sókè fún bàbá mi lálẹ́ àná. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ èéfín, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìdí nìyẹn tí ìyá àwọn kì í fi í jẹ́ kí iná ààrò kú, àní nígbà tí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ sè. Wọ́n tún sọ fún mi pé etí páànù ilé náà gùn ju báyìí lọ tẹ́lẹ̀. Ìjì ṣí apá kan rẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, káfíńtà tó tún un kàn sì gé e kúrú nítorí pé páànù kò tó. N kò mọ èyí rí. Ìgbà tí wọ́n gé e ni ògiri apá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ibẹ̀ náà sì ni sìmẹ́ǹtì ti kọ́kọ́ ya.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrántí bàbá yín. Mo ti ra ìwé náà, ìwé olójú-ewé ọgọ́rin ni. Mo kọ ohun tí bàbá mi sọ nípa páànù sí ojú ewé àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ìpàdé ẹbí yóò wáyé ní ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ifẹ̀ ní òpin oṣù, màá sì mú ọ̀rọ̀ Agbẹjọ́rò dé iwájú wọn kí n tó ná kọ́bọ̀ mìíràn sórí ohun tó bá ju omi lọ. Àgbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá mọ tọkọtaya tó ṣeé gbára lé ní apá ọ̀dọ̀ yín, mo bẹ̀ yín kí ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀ kí n tó dé.

Bàbá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù. Ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ. Mo ti ra ọkọ́ méjì àti okùn ìdiwọ̀n, ẹni tó ń wa òkúta ní ẹ̀bá Òkè-Ìgbò sì ti ṣèlérí òkúta wẹ́wẹ́ ọkọ̀ kékeré kan. Ojú àgbàrá yẹn, báwo ni kí ó jìn tó, ṣé kí n sì gbẹ́ ẹ yí ilé náà ká ni, tàbí kí n kọ́kọ́ ṣe ti ẹ̀yìnkùlé níbi tí páànù ti kúrú?

Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà (Ìbàdàn)

Ẹ̀yìnkùlé ni kí o kọ́kọ́ ṣe, ọmọ mi. Kí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ náà, kí àárín rẹ̀ sì bọ́ sí ojú ibi tí omi ti lu ilẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́. Wàá rí ìlà àwọn ihò náà gbọọrọ tí o bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Má gbẹ́ ẹ sún mọ́ ògiri jù ìyẹn lọ. Bu omi garawa kan sí i nígbà tí o bá gbẹ́ ẹ tán, kí o tó da òkúta sí i, kí o wo bóyá omi náà ń ṣàn lọ tàbí ó dúró.